Àwọn Ilé Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ọmọ mi, Méfò-méfò,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ṣì ń bù ọ́ létí jẹ? Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì sí mi ní kí n kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ìwọ nìkan lò ń fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà nílé ìwòsàn yẹn, nítorí ó rí i nínú fọ́tò rẹ pé ọwọ́ rẹ ti bó. Mo ní ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, pé ìwọ kàn ń kó o wọlé, o sì ń kó o jáde ni. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ kí n lè fi hàn án.

Èmi náà wà. Orí kan fọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn orí, irú èyí tí mi ò ní rí. Mo lo oògùn, mo sùn lọ́sàn-án, nígbà tí mo jí, ó ti lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún ọ o, torí bó bá jẹ́ aránṣọ ló sọ ọ́, wàá gbọ́ pé wọ́n ti ń wá pákó tí wọ́n máa fi kan pósí mi.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé wà dáadáa. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mò ń gbé báyìí. Mo ṣì ń kà wọ́n bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìwọ náà wà nínú wọn. Mi ò ní kúrò ní ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn láìtíì ka orí kọ̀ọ̀kan, kí n sì pariwo pé, “Wọ́n pé!” Àwọn ọmọ náà á wá pariwo rẹ̀ padà títí etí mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di.

Ó yá, ká wá sọ ọ̀rọ̀ gidi. Mo gba ìdáhùn rẹ sí eré àyípo inú ìwé ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ níparí ọdún. Ó tọ̀nà, àmọ́ inú mi ò dùn sí i. Mo rí ibi tí rọ́bà ti ha ìwé náà lára. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta lo fa ìlà tí o pa á rẹ́. O tún ti méfò!

Ṣé o ti gbàgbé bí mo ṣe kọ́ ọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn mi ni? Àpótí kọ̀ọ̀kan, ilé ni. Nọ́ḿbà inú ilé ń sọ iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí bọ́ọ̀sì máa gbà kọjá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, oríta ni. Bọ́ọ̀sì tó bá wọ oríta gbọ́dọ̀ jáde, kò sì gbọ́dọ̀ gba oríta kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó jáde ní gáréèjì, ó yípo, ó padà sí gáréèjì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni, kò já, kò sì pín sí méjì. Kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ lè gbà la kọ́kọ́ ń wá. Ibi tí kò lè gbà ni. Bí o bá rí ilé olódo, fi X sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì kúrò níbẹ̀. Ilé onímẹ́ta tó wà ní igun ńkọ́? Oríta tó wà ní ṣóńṣó igun yẹn, ọ̀nà méjì péré ló ní. Bí bọ́ọ̀sì bá gba ọ̀kan wọlé, dandan ni kó gba èkejì jáde. Bí kò bá gba ìkankan, ẹ̀gbẹ́ méjì ló kù fún ilé náà, kò sì lè pé mẹ́ta láéláé. Nítorí náà, fa méjèèjì. Ṣé o rí rọ́bà níbẹ̀?

Bí o bá sì parí, yí ìwé náà po kí orí rẹ̀ di ìdí, kí o tún ka ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ojú bá ti mọ ìwé kan jù, ó máa ń fo nǹkan.

Mo da ti ìwé ìròyìn Sátidé yìí kọ fún ọ. Méje ní méje ni. Fi pẹ́ńsù tó le díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti ibí ń yí ìwé láró.

Bàbá rẹ,
awakọ̀ tí kì í méfò


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ara mi le. Ẹ sọ fún ìyá aránṣọ pé ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ lóòótọ́, àmọ́ ọṣẹ inú rẹ̀ ló bó ọwọ́ mi, nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre ẹjọ́ náà.

Ẹ̀yìn orí, Bàbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò àná. Ẹ kì í sùn lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ọ̀sán kan tí ẹ sùn.

Nípa eré àyípo náà, ẹ má bínú sí mi o. Kò ṣeé ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í nígbà ìsinmi ọ̀sán, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Kò sí nọ́ḿbà kankan nínú ilé ìlà méjì tó wà ní ọwọ́ òsì. Gbogbo ilé ọwọ́ ọ̀tún kún dáadáa, àmọ́ bí mo bá dé apá òsì, kò sí ohun tó ń sọ fún bọ́ọ̀sì ibi tó máa yà sí. Mo rí ìdáhùn mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì bá nọ́ḿbà mu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé ìròyìn ni, àbí nǹkan kan ta yín lójú nígbà tí ẹ ń dà á kọ?

Ohun kan tún wà. Lẹ́tà yín yìí, ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí àárín ìwé. Ìdajì ọwọ́ òsì ṣófo. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fèsì síbẹ̀ kí n má baà náwó sí bébà ni?

Pẹ́ńsù márùn-ún wà nínú àpò ìwé yìí. Mẹ́rin dúdú, ọ̀kan pupa. Ìdì kan náà ni wọ́n fi ń tà wọ́n.

Ọmọ yín,
Méfò-méfò tó ti ronú pìwà dà


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Aránṣọ ì bá kí ọ, àmọ́ ọjọ́ kẹrin rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun kí mi lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mo wá dìde, mo fi ẹsẹ̀ gbá agbọ̀n òwú òun dànù. Èmi ò rí ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ o. Ṣáájú ìyẹn ló ti ń bínú nípa oúnjẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé òun ló ń bá mi dáná láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú. Ó ní mò ń jẹ ìdajì àwo, mò ń dá ìdajì padà. Mo ní ohun tó bù fún mi ni mo jẹ. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdáhùn mẹ́ta rẹ ńkọ́? Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Eré àyípo tó bá ní ìdáhùn méjì kì í ṣe eré, kò sì sí ìwé ìròyìn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ojú mi yìí ni mo fi dà á kọ. Ìwọ ni o ti di ọ̀lẹ níbẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí n rán ọ létí èyí tó rọrùn. Bí ilé onímẹ́ta méjì bá fara ti ara wọn, dandan ni kí bọ́ọ̀sì gba àárín wọn. Bí kò bá gba àárín, á jẹ́ pé ó yí àwọn méjèèjì po, ó sì ti padà wọ gáréèjì nìyẹn, gbogbo ilé tó kù á wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ó yá, lọ ronú.

Má sọ ti àlàfo inú lẹ́tà mi mọ́. Ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. Pẹ́ńsù dúdú dáa. Pupa ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ máa máàkì?

Gbogbo ayé ló ń wá ìjà mi lóṣù yìí. Wọ́n ti sún òpó géètì ilé-ìwé, ó ti ha bọ́ọ̀sì mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní òpó náà kò kúrò lójú kan láti ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin náà dáa, àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa òpó. Ìyá àwọn ọmọ méjì tó ń wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn tún wá bá mi jà níwájú àwọn olùkọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi àwọn ọmọ òun sílẹ̀, pé èyí àbúrò sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì, tó ń fi ọwọ́ gbá a lára. Mo gbọ́ ariwo kan lára irin lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀sì yìí ti dàgbà, gbogbo ara rẹ̀ ló ń pariwo. Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo kà láwọn ọjọ́ yẹn, mo ní àwọn méjèèjì ò wá ni. Bí àwọn ọmọ bá dúró síbẹ̀, ṣé mi ò ní rí wọn ni?

A máa gba ìsinmi ní ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, a ó wọlé ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún. Màá sinmi díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mi ò ní kí yín púpọ̀, àyà mi ń já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́rin yìí, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ aránṣọ bò ó. Ẹ̀gbẹ́ wo ni òpó géètì ti ha bọ́ọ̀sì? Àwọn ọmọ méjì yẹn, ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n ń dúró sí bí ẹ bá ń bọ̀? Ìdajì wo nínú àwo ni oúnjẹ máa ń ṣẹ́kù sí? Níbo ni aránṣọ jókòó sí lọ́jọ́ náà, ọ̀tún yín àbí òsì?

Àlàfo yẹn tún wà nínú lẹ́tà yín tó dé. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fèsì kíá. Bí lẹ́tà bá máa pẹ́, ẹ tẹ wáyà.

Ọmọ yín


WÁYÀ. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

MO WÀ DÁADÁA. ÌBÉÈRÈ RẸ PỌ̀ JÙ. BÀBÁ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Wáyà yín dé lánàá. Mo kà á lójú ọ̀nà, mo sì bínú débi pé mo kọjá ilé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ Ajé, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fá apá ọ̀tún dán, ó fi apá òsì sílẹ̀, ó sì bi mí bóyá òun dùn-ún wò. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé, ó jẹ ìdajì, ó ní wọn ò bù ú kún. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó kàn yí àwo náà po níwájú rẹ̀. Bàbá náà dúpẹ́ pé wọ́n ti bù kún un, ó sì jẹ ìyókù. Mo gbé ẹrù aṣọ sílẹ̀, mo lọ bi nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì ní ojú rẹ̀ ò fọ́. Iṣan kan ló dí ní ẹ̀yìn orí, orí sì fọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó sùn, ó jí. Láti ìgbà náà, ohun tó bá wà lápá òsì kì í dé inú rẹ̀ mọ́. Kì í rí òkùnkùn níbẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tí ọkọ̀ ò lè gbà la kọ́kọ́ ń wá. Mo ti fi X sí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìròyìn, torí mo kọ̀wé sí ẹlòmíì pé kó bá mi wá ti Sátidé yẹn, ó sì ti dé, nọ́ḿbà kún apá òsì rẹ̀. Kì í ṣe òpó, òpó kì í rìn. Kì í ṣe aránṣọ, ọdún mọ́kànlá ló ti ń dáná fún yín láìjà. Kì í sì ṣe àwọn ọmọ yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, mi ò sì fẹ́ fa ìlà náà, àmọ́ ó ti fa ara rẹ̀. Ẹ kò rí apá òsì mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Nítorí náà mo ṣe eré àyípo kan fún yín fúnra mi, márùn-ún ní márùn-ún. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi, láìméfò. Bí ẹ bá parí, ẹ yí ìwé náà po kí ẹ tún kà á. Bó bá pé, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín títí màá fi dàgbà bíi tiyín. Bí kò bá pé, ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì yẹn.

Mo tún kọ lẹ́tà kan sí ọ̀gá ilé-ìwé. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ó wà lórí tábìlì mi. Mi ò lè fi wáyà sọ ọ́, torí akọ̀wé tó ń gba wáyà ọ̀rẹ́ yín ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ ilé-ìwé máa wọlé ní ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀.

Ọmọ yín tí kò sinmi


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo rò pé mo lè dúró de èsì yín. Mi ò lè dúró. Lónìí, bí mo ṣe ń ká aṣọ, mo ń rí ọmọ tó ń fi ọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì. Mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ó lè má dé kí wọ́n tó wọlé, àmọ́ mo ti fi ránṣẹ́.

Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ìbínú yín dára ju ohun tí mò ń rò lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún. Òwúrọ̀

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo kà á, mo jù ú sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dùn mí wọnú egungun. Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tí mi ò tẹ adìyẹ pa rí! Mo gbé ọwọ́ òsì mi sókè, mo wò ó. Mo rí i. Ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì máa jáde lọ́la. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti yẹ táyà wò, kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi. Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, mo ṣe eré rẹ láàárọ̀ yìí. Kò gbà mí ní wákàtí kan. Ìdáhùn rẹ̀ ló wà nínú ìwé kejì yìí. Ìlà náà yípo, ó padà sí gáréèjì, gbogbo nọ́ḿbà ló bá a mu. Ibì kan ṣoṣo wà tí ọ̀nà pín sí méjì lójú mi, mo wá mú ọ̀kan. Ó bọ́ sí i.

Nítorí náà, máa bọ̀ wá tọrọ àforíjì rẹ. Mo kàn fẹ́ yí ìwé náà po bí o ṣe ní, kí n lè kọ ọ́ síbí pé mo yí i, kí o má rí ẹnu sọ.

Ọ̀sán, ọjọ́ kan náà

Ọmọ mi.

Mo yí i po.

Nọ́ḿbà mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí. Wọ́n dorí kodò lápá ọ̀tún mi, mẹ́ta, òdo, mẹ́ta, bí ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo dá ìwé náà padà, wọ́n lọ. Mo tún yí i po, wọ́n wà. Mo pe aránṣọ kó wá wò ó, ó gbàgbé pé a ń jà. Mo ní, “Ṣé nọ́ḿbà wà ní etí ibí yìí?” Ó ní, “Ó wà.” Mo yí ìwé náà, mo ní, “Ní báyìí ńkọ́?” Ó ní, “Ó ṣì wà níbẹ̀.” Ó wá wo ojú mi.

Ìlà tí mo fà kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Bọ́ọ̀sì mi yípo lápá ọ̀tún, ó padà sí gáréèjì, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo méfò, ọmọ mi. Ibi tí mo ní mo mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì yẹn, ìméfò ni. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà náà. Eré tó pé kì í béèrè ìméfò lọ́wọ́ ẹni.

Mo wá rántí àwọn ọmọ méjì yẹn. Wọ́n wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo ní wọn ò wá, wọ́n wà níbẹ̀, ní ọwọ́ òsì. Ariwo tí mo gbọ́ lára irin lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ọmọ ni. Ọmọ ọdún méje ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mi, mo sì ń kọrin. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ọ̀gá ilé-ìwé. Mo jẹ́ kí ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi títí mo fi dé ibẹ̀, mo sì kọlu ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ọ̀gá ń ka ìwé àwọn ọmọ sórí tábìlì. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ síwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Awakọ̀, ọ̀la la máa wọlé. Ta ni yóò wa bọ́ọ̀sì?” Mo ní, “Mi ò mọ̀. Kì í ṣe èmi.”

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà yín dé. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún títí ọ̀gá mi fi ní kí n máa lọ sílé. Inú mi dùn, ó sì ń dùn mí. Mo ti fẹ́ kí ẹ bú mi. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni mo ṣìnà.

Ẹ ṣe é fúnra yín. Mo ti lọ sọ ọ́ lẹ́yìn yín, ẹ sì ti sọ ọ́ fúnra yín. Lẹ́tà mi ti dé ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé báyìí, á ti kà á, á ti mọ̀ pé mi ò gbà pé ẹ lè ṣe ohun tó tọ́. Ìyẹn ni mi ò lè dá padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Ṣé dókítà ti rí yín? Kí ló sọ? Ta ló ń mú yín rìn? Mo ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mò ń bọ̀ wálé ní oṣù kẹjọ. Ẹ má sọ fún mi pé kí n má wá.

Ọmọ yín


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, Méfò-méfò,

Kọ́kọ́ wo lẹ́tà yìí dáadáa. Ṣé o rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Láti etí pátápátá. Ìlà pupa tó gùn wálẹ̀ yẹn, pẹ́ńsù pupa rẹ ni mo fi fà á. Dókítà ló kọ́ mi. Ó ní kí n máa fà á sí etí òsì ohunkóhun tí mo bá fẹ́ kà tàbí kọ, kí n má sì bẹ̀rẹ̀ títí màá fi rí pupa. Kí n máa yí orí mi wá a. Mo ní orí yíyí kì í ṣe tuntun lójú mi, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wo dígí ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé mi ò ní wakọ̀ mọ́. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́, síbẹ̀ mo sunkún níwájú rẹ̀, mo sì sunkún níwájú aránṣọ. Ó ti ń yí àwo mi po báyìí bí mo bá jẹun dé ìdajì. Oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ o! Ìdajì àwo ni mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí, mo sì ń pè é ní ahun.

Ọ̀gá ilé-ìwé fún mi ní lẹ́tà rẹ. Kò ṣí i. Ó ní òun rí ibi tó ti wá, òun sì mọ ohun tó gbé e wá, pé mo ti sọ ọ́ tán. Èmi náà ò ṣí i. Ó dùn mí pé o kọ ọ́, màá purọ́ bí mo bá ní kò dùn mí. Àmọ́ bí ìwọ bá ń wakọ̀, tí ibùdókọ̀ kan bá wà tí o kò rí, èmi náà á kọ ọ́. Ó wà nínú àpótí tí fọ́tò ìyá rẹ wà. Jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mo tún eré rẹ ṣe, pẹ̀lú ìlà pupa. O ti dàgbà nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Òdo tó wà láàárín yẹn ni mo kọ́kọ́ wò. Mo fi X yí i ká. Mo wá wo onímẹ́ta igun òkè. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìta rẹ̀, ìyẹn ò le. Àmọ́ bó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá rẹ̀ ní etí, á kan X òdo, kò ní rí ibi yà sí. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ yà wọlé lábẹ́ onímẹ́ta náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìsàlẹ̀. Mi ò lo rọ́bà, mi ò sì méfò.

Láàárọ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ yẹn, ó ní kí n dúró tì wọ́n bó bá wù mí. Mo máa ń fi ọwọ́ òsì di èyí àbúrò mú. Mi ò rí i níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń fà mí bí ọkọ̀ bá yọ. Awakọ̀ tuntun mọ ọkọ̀ wà, àmọ́ kì í ka àwọn ọmọ. Lánàá, nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé tán, mo gbá ara irin bọ́ọ̀sì kó dúró. Mo wà nísàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti fèrèsé tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo ń yí orí mi díẹ̀díẹ̀, mo ń ka orí kọ̀ọ̀kan, títí mo fi yí i dé ọwọ́ òsì, tí mo rí awakọ̀ fúnra rẹ̀ tó ń wò mí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo pariwo pé, “Wọ́n pé!” Gbogbo wọn sì dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ, tó ń retí rẹ ní oṣù kẹjọ